Ṣé rédíò tí omi ò lè wọ̀ ti tó fún pílátífọ́ọ̀mù epo lójú òkun?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ rédíò àti kébù ni mò ń ṣe, ó ti pẹ́, àmọ́ orí ilẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn lọ sórí pílátífọ́ọ̀mù epo lójú òkun lọ to sípíkà, tẹlifóònù àti wọ́kí-tọ́kì. Mo ní wọ́kí-tọ́kì kan tó dáa gan-an, IP68 ni, ẹ lè jù ú sómi kó má ṣe nǹkan kan, àmọ́ wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀ rárá, fóònù mi náà ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Kí ló dé? Àwọn ìlànà wo ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ?"

Àbúrò, o ṣeun tó o bèèrè kó o tó lọ. Rárá, kò tó, wọn ò sì fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. Ohun tí IP68 ń sọ ni pé eruku àti omi ò lè wọ inú rédíò yẹn, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó lè tinú ẹ̀ jáde. Ohun tó lè jáde yẹn gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù lórí pílátífọ́ọ̀mù, ìyẹn sípáàkì kékeré tó ń ta nígbà tó o bá tẹ bọ́tìnnì, ooru bátìrì tó ti ń bàjẹ́, àti agbára rédíò fúnra ẹ̀ tó ń gba ojú antẹ́nà jáde.

Ìlànà tó wà fún ohun ìbánisọ̀rọ̀ lójú òkun pọ̀ o, nọ́ńbà wọn á fẹ́ẹ̀ sú ẹ, àmọ́ ohun méjì péré ni gbogbo wọn ń wá: ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́dọ̀ dá iná sílẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kan náà ò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí iná bá ti ibòmíì ṣẹ́. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti orí ilẹ̀ bọ̀ máa ń gbájú mọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á kọ́ ọ dáadáa, wọ́n á wá fojú kékeré wo èkejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti lọ sí èkejì yẹn. Méjèèjì ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi gáàsì. Mẹ́táànì, tó pọ̀ jù nínú gáàsì ilẹ̀, tó bá ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ dé bí ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti ṣe tán láti gbiná nìyẹn, agbára tó sì máa ṣáná sí i ò ju nǹkan bíi 0.28 millijoule lọ, ti háídírójìn kéré sí i gan-an, bíi 0.02 ni. Ìwọ̀nyẹn kéré débi pé sípáàkì tójú ẹ ò ní rí tétí ẹ ò ní gbọ́ ti tó o. Irú ẹ̀ ń ta nínú súwíìṣì wọ́kí-tọ́kì lásán lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ torí kò sí gáàsì nítòsí, àmọ́ lórí pílátífọ́ọ̀mù, gáàsì gan-an ni wọ́n wá débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín gbogbo pílátífọ́ọ̀mù sí sóònù sóònù, ìlànà IEC 60079-10-1 ló sì sọ bí wọ́n ṣe ń pín in (IEC ni àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ohun tó ń lo iná mànàmáná). Sóònù 0 ni ibi tí gáàsì máa ń wà nígbà gbogbo tàbí tó máa ń pẹ́ níbẹ̀, bí inú táǹkì. Sóònù 1 ni ibi tó ti lè yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ ṣe ń lọ geere. Sóònù 2 ni ibi tí kò yẹ kó yọ, tó bá sì yọ, kò ní pẹ́. Yàrá oorun, ibi ìjẹun, yàrá kọ́ńtúróòlù, àwọn yẹn sábà máa ń wà níta sóònù. Àwòrán tó fi ìpín yìí hàn wà fún gbogbo pílátífọ́ọ̀mù, hazardous area drawing ni wọ́n ń pè é, òun ni kó o kọ́kọ́ béèrè tó o bá débẹ̀, kó o tó béèrè ibi tó o máa sùn. Ní Amẹ́ríkà àtàwọn ibi tó ń lo ìlànà tiwọn, o lè gbọ́ Class I Division 1 àti Division 2 dípò sóònù, èrò wọn jọra, àmọ́ má fi sáfíkéètì ti ọ̀kan ṣe ti èkejì láì jẹ́ pé àwọn tó ni pílátífọ́ọ̀mù gbà á.

ATEX àti IECEx, orúkọ méjì yẹn lo máa gbọ́ títí. ATEX jẹ́ òfin Yúróòpù, èyí tó wà lóde báyìí ni Directive 2014/34/EU, tó rọ́pò 94/9/EC láti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2016. IECEx ní tiẹ̀ kì í ṣe òfin, ètò sáfíkéètì àgbáyé ni, orí àwọn ìlànà IEC 60079 ló dúró lé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé sáfíkéètì wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, lọ́fẹ̀ẹ́, o máa tẹ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ yẹn sí i, wàá rí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ìwọ̀n ooru tí wọ́n fọwọ́ sí, àti àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ bá a rìn. Jọ̀ọ́, máa wò ó, má kàn gbára lé ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ike, torí ẹnikẹ́ni ló lè tẹ Ex sára ike.

Ká ka ọ̀kan pa pọ̀. Ká ní o rí Ex ib IIC T4 Gb lára rédíò kan. Ex ni àmì pé wọ́n ṣe é fún ibi tí gáàsì wà. Lẹ́tà "i" tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọ́n ti dín agbára iná inú ẹ̀ kù débi pé kò lè ṣáná sí gáàsì, kódà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀: ia lè gba ìbàjẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kó ṣì wà láìléwu, ib lè gba ẹyọ kan, ic ò gba ìkankan, ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìkan ló wà láìléwu. IIC ni irú gáàsì, èyí tó le jù ni, háídírójìn àti asẹ́tílìnì ló wà níbẹ̀, IIB ni ti étílìnì, IIA ni ti própéènì, mẹ́táànì náà sì wà ní IIA. T4 túmọ̀ sí pé ara ẹ̀rọ yẹn ò ní gbóná ju 135°C lọ, T6 ò ní ju 85 lọ, T1 lè dé 450, nítorí náà bí nọ́ńbà T bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀rọ náà ṣe tutù tó, ọ̀pọ̀ máa ń gbé e lódì. Gb ló sọ pé o lè gbé e dé sóònù 1. Tí wọn ò bá wá kọ nǹkan kan nípa ojú ọjọ́ sí i, -20 sí +40°C ni wọ́n fọwọ́ sí, o ò sì lè so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná kan níbi tí ooru ti ń lé ní 40 lọ kó o wá rò pé sáfíkéètì yẹn ṣì ń sọ òótọ́.

Lẹ́tà kékeré kan tún wà tí ojú máa ń fò, X. Tó o bá rí X ní ìparí nọ́ńbà sáfíkéètì, àwọn àdéhùn pàtàkì kan wà nínú ìwé ẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé kí wọ́n má fi aṣọ gbígbẹ nù ún torí iná mànàmáná (static) tó ń ti ara ike wá tí wọ́n bá fi nǹkan gbígbẹ ra á, ó lè jẹ́ pé inú àpò aláwọ kan pàtó ló gbọ́dọ̀ wà, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ fara gbá nǹkan líle. Ẹni tí kò bá ka ìwé yẹn ò mọ ohun tó gbé dání.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bátìrì. Rédíò tó jẹ́ ib, bátìrì ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún sáfíkéètì, kì í ṣe nǹkan ọ̀tọ̀. Tó o bá ra bátìrì míì tó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, tó ń gbé e dáadáa, tó tún pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, o ti sọ rédíò yẹn di wọ́kí-tọ́kì lásán, àmì Ex tó wà lára ẹ̀ ti di irọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni máíkì tí wọ́n máa ń fi há èjìká, bẹ́ẹ̀ náà ni héḍsẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò bá sí nínú lísìtì tí ilé iṣẹ́ rédíò náà fọwọ́ sí, má so wọ́n mọ́ ọn. O ò sì gbọ́dọ̀ yọ bátìrì tàbí ṣájì rédíò nínú sóònù, ibi gbígbé, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ń sùn níta sóònù, ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, kódà tó bá kú sí ẹ lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́, wàá rìn padà lọ.

Rédíò ìfọwọ́dání nìyẹn. Sípíkà ńlá àti ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ìta ò lè jẹ́ "i", torí agbára tí wọ́n ń lò pọ̀ jù, Ex d ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, báyìí wọ́n ń kọ ọ́ ní Ex db. Èrò tó wà nínú Ex d yàtọ̀ pátápátá, mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ níbí torí ibẹ̀ ni àwọn onítẹlifóònù ti ń bà á jẹ́ láìmọ̀. Wọn ò ní kí gáàsì má wọ inú àpótí irin yẹn o. Wọ́n ti gbà pé ó máa wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbà pé ó lè bú nínú ẹ̀. Iṣẹ́ àpótí yẹn ni pé kó má fọ́ nígbà tó bá bú, kí iná tó bá sì fẹ́ gba ojú ìdérí jáde rìn gba àyè tóóró kan láàárín irin méjì, kó tutù kó tó dé ìta, débi tí kò ní lè ṣáná sí gáàsì tó wà níbẹ̀. Àyè tóóró yẹn, wọ́n wọ̀n ọ́n dé ìdá kékeré nínú mìlímítà kan. Tó o bá fi sandpaper ha á kí ìpatà lè kúrò, tó o bá kùn ún, tó o bá ti òdà ìdíhò sí i torí pé omi ń wọ̀ ọ́, tàbí tó o dé e padà tí bóòtù kan ṣẹ́ kù tó o wá ní àwọn yòókù ti tó, kò sí Ex d mọ́ níbẹ̀. Àpótí náà á ṣì dúró lára ògiri, ó máa rí bákan náà lójú ẹni tó ń kọjá lọ, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá bú nínú, ìta ni iná ń bọ̀. O ò sì gbọ́dọ̀ ṣí i nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà lára ẹ̀. Gland tí kébù gbà wọlé gbọ́dọ̀ ní sáfíkéètì tiẹ̀, ihò tí o ò lò náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó ní sáfíkéètì, ike lásán ò ṣe é fi dí i.

Kébù "i" tó ń bọ̀ láti yàrá ẹ̀rọ ní barrier tàbí isolator níwájú tó ń dín agbára ẹ̀ kù kó tó wọ sóònù. Àwọ̀ búlúù fífẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń dá kébù yẹn mọ̀, má ṣe kó o pọ̀ mọ́ kébù míì nínú àpótí kan náà láìsí ìdábùú. Barrier onízener, irú tó ń da agbára tó bá pọ̀ jù sínú ilẹ̀, nílò ilẹ̀ (earth) tó dáa, IEC 60079-14 ní kí ìdènà láti ojú barrier dé ilẹ̀ ńlá má tó 1 ohm. Wọ̀n ọ́n, má fojú díwọ̀n ẹ̀.

Ohun tó kàn yìí, àwọn tó mọ rédíò dáadáa pàápàá kì í rò ó. Agbára rédíò tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ lè ṣáná. Irin gígùn, ọwọ́ kéréènì, páìpù, gbogbo wọn lè di antẹ́nà, wọ́n á gba agbára yẹn, tí irin méjì bá wá fara kan ara wọn tí wọ́n sì yà, sípáàkì lè ta níbẹ̀. Nítorí náà IEC 60079-0 fi ààlà sí i fún rédíò tó ń sọ̀rọ̀ láìdáwọ́ dúró: 6 W fún gáàsì IIA, 3.5 W fún IIB, 2 W fún IIC, tó o bá sì ń ṣírò ẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi èrè antẹ́nà (gain) sọ agbára yẹn di púpọ̀, kì í ṣe agbára tó jáde lẹ́yìn rédíò nìkan. Wọ́kí-tọ́kì orí ilẹ̀ tó ń gbé 5 W jáde ti kọjá ààlà IIB àti IIC kó o tó fi antẹ́nà sí i. Rédíò ojú omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ lè gbé 25 W, ìdí nìyẹn tí ibi tí antẹ́nà ẹ̀ máa wà fi gbọ́dọ̀ gba ìṣirò, CLC/TR 50427 ni ìwé tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ìṣirò yẹn. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kó o sún antẹ́nà "díẹ̀ sí ọ̀tún" torí pé ó ń dí ọ̀nà.

Ìgbà míì sì wà tí gbogbo rédíò gbọ́dọ̀ dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ohun abúgbàù lu ihò sára páìpù inú kànga kí epo lè wọlé, tó bá jẹ́ pé dẹtonétọ̀ (ohun kékeré tó ń mú ohun abúgbàù bú) tó ń lo iná mànàmáná ni, agbára rédíò lè wọ wáyà ẹ̀ kó sì yìn ín lójú dẹ́ẹ̀kì níbi táwọn èèyàn dúró sí. Wọ́n á kéde radio silence, wọ́n á pa wọ́kí-tọ́kì, fóònù, rédíò ńlá, wọ́n á sọ fún ọkọ̀ ojú omi tó wà nítòsí àti hẹlikópítà tó ń bọ̀. API RP 67, ìlànà àjọ elépo Amẹ́ríkà, ló ń darí iṣẹ́ ohun abúgbàù lórí pápá epo. Àwọn dẹtonétọ̀ kan wà báyìí tí wọ́n ṣe kí rédíò má lè yìn wọ́n, àmọ́ ìwọ kọ́ lo máa pinnu ìyẹn, tí wọ́n bá ti ní kí o pa á, pa á, má wulẹ̀ dán rédíò wò pé o fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kú.

Mo ti sọ ti àkọ́kọ́ tó, ó yá ká bọ́ sí èkejì.

Ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1988, pílátífọ́ọ̀mù Piper Alpha jóná ní Òkun Àríwá, lójú omi Scotland. Èèyàn 226 ló wà lórí ẹ̀, 61 ló yè é, tó o bá fi àwọn méjì tó kú lára àwọn tó wá gba wọ́n là kún un, èèyàn 167 ló lọ. Ìbúgbàù àkọ́kọ́ ti ba yàrá kọ́ńtúróòlù jẹ́. Yàrá rédíò ò pẹ́ tó fi di ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ sá kúrò. Sípíkà ò sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ kóra jọ síbi gbígbé, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n lọ, wọ́n ń dúró de àṣẹ, èéfín ń wọlé, àṣẹ ò dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè é ni wọ́n wá ọ̀nà tara wọn dé ojú omi. Àwọn pílátífọ́ọ̀mù Tartan àti Claymore tó wà nítòsí, tí páìpù wọn so mọ́ ti Piper, ò tètè dá iṣẹ́ dúró, Piper náà sì ni okùn ìbánisọ̀rọ̀ láàárín wọn ń gbà kọjá, nígbà tí Piper kú, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tí kò lè gbọ́ ara wọn. Ṣé o rí i, àbúrò, kò sí ẹni tó sọ pé rédíò ló dá iná yẹn sílẹ̀. Àmọ́ dídákẹ́ ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ikú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lord Cullen, adájọ́ ará Scotland, ṣe ìwádìí ẹ̀, ìwé ẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá 1990, ìmọ̀ràn 106 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó o máa bá lórí pílátífọ́ọ̀mù báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Òfin PFEER ti Bìrìtìkó, ọdún 1995, tó wà fún iná àti pàjáwìrì lójú òkun, sọ irú ohùn tí álààmù gbọ́dọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ tó ń ti pílátífọ́ọ̀mù kan bọ́ sí òmíì má baà dàrú: ohùn tí kò dáwọ́ dúró tó ń lọ sókè sódò ni ti ká múra láti fi pílátífọ́ọ̀mù sílẹ̀, ohùn gbọọrọ tí kò yí padà ni ti gáàsì olóró, ohùn tó ń dún tó ń dákẹ́ ni ti gbogbo ìyókù. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú ni ti gáàsì olóró, ìyẹ́lò ni ti ìyókù. Nílẹ̀ míì tàbí lórí rìgì tó ń léfòó tó ń tẹ̀lé òfin ọkọ̀ ojú omi, ó lè yàtọ̀, nítorí náà kọ́ ti ibi tó o bá lọ.

Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn yìí, PAGA ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Public Address and General Alarm. Méjì ló máa ń jẹ́, A àti B, amplifier wọn ò sí nínú yàrá kan náà, kébù wọn ò sì gba ọ̀nà kan náà, wọ́n á to sípíkà A àti ti B pọ̀ ní agbègbè kan náà débi pé tí ìdajì bá kú, ìdajì tó kù á ṣì dún níbi gbogbo. Níbi tó o ti máa tò ó, wàá rí i pé ó rọrùn láti kó kébù méjèèjì sórí tray (pẹpẹ irin tí wọ́n ń to kébù sí) kan náà, ọ̀nà ẹ̀ kúrú, iṣẹ́ á tètè parí. Má ṣe é. Iná kan ṣoṣo tó bá jó tray yẹn á pa A pa B, owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ méjì ti ṣòfò nìyẹn, ẹ̀mí sì wà lórí ẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà nínú kébù tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Kébù tó bá IEC 60332 mu, iná kì í tètè ràn lára ẹ̀. Kébù tó bá IEC 60331 mu, ó ṣì ń gbé iṣẹ́ kọjá nígbà tí iná ń jó o lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú, nọ́ńbà wọn náà fẹ́ jọra, àmọ́ tó o bá fi ti 60332 sí ìdí sípíkà álààmù, kébù yẹn ò ní ràn iná, ó kàn máa kú ni, álààmù á sì kú pẹ̀lú ẹ̀. Ti 60331 ni kó o máa wá fún PAGA àti gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú iná.

Nípa bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ròkè tó, LSA Code, ìlànà ohun ìgbẹ̀mílà ti IMO (àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi), ní kí álààmù dé 80 dB(A), ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ó kéré tán, kó sì fi 10 dB(A) ju ariwo ibẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ń sùn, kó dé 75 dB(A) lórí ibùsùn. Níbi tí ẹ̀rọ ń ké gan-an tí gbogbo èèyàn dí etí, ohùn nìkan ò tó, iná tó ń ṣẹ́jú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ kí ohùn ròkè yàtọ̀ sí kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn STI, ìwọ̀n láti 0 dé 1 tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yé èèyàn tó, tí ọ̀pọ̀ ìlànà ní kó má kéré sí 0.5. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi sípíkà kún inú ilé irin torí kí ó lè ròkè, ohùn wá ń lu ògiri padà, wọ́n ń gbọ́ ariwo, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Sípíkà púpọ̀ tí ohùn ẹ̀ kéré tó sì sún mọ́ èèyàn dáa ju ẹyọ kan tó ń pariwo láti òkèèrè lọ. Rìn ká nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, fi mítà wọ̀n ọ́n, ìdánwò tí wọ́n ṣe nígbà tí gbogbo ẹ́ńjìnnì kú ò jẹ́ nǹkan kan.

Kí n tó kúrò lórí álààmù, rántí Deepwater Horizon, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2010, níbi tí èèyàn 11 kú. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ṣiṣẹ́ lórí rìgì yẹn jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé wọ́n ti gbé álààmù gbogbogbò sí ipò tí kò ní máa dún fúnra ẹ̀, torí pé wọn ò fẹ́ kí álààmù tí kò nídìí máa jí àwọn èèyàn lóru. Tó o bá ń fi ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́, tí álààmù èké ń pọ̀, wá ìdí ẹ̀ kó o tún un ṣe, torí tí o kò bá tún un ṣe, ẹnì kan á pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun kan tún wà tó so àkọ́kọ́ àti èkejì pọ̀. Tí gáàsì bá tú ní ọ̀pọ̀, ẹ̀rọ ìdádúró pàjáwìrì máa pa gbogbo ohun tó ń lo iná mànàmáná tí kò ní Ex, kódà níbi tí kò sí nínú sóònù tẹ́lẹ̀, torí gáàsì ò mọ àwòrán. Sípíkà, iná ìṣẹ́jú àti rédíò ọkọ̀ àsálà ò gbọ́dọ̀ kú nígbà yẹn, àsìkò yẹn gan-an la nílò wọn. Nítorí náà ohun tó bá gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìdádúró yẹn níta gbangba, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Ex bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibi tó wà ò sí nínú sóònù. Tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé "ibí ò léwu, sípíkà lásán ti tó", bi í pé ṣé ó máa wà láàyè lẹ́yìn ìdádúró. Ó gbọ́dọ̀ ní iná tiẹ̀ náà, bátìrì UPS (tó ń gbé e tí iná bá lọ) tàbí jẹnẹrétọ̀ pàjáwìrì, MODU Code ti IMO fún rìgì tó ń léfòó fi wákàtí 18 sí agbára pàjáwìrì fún álààmù àti ìbánisọ̀rọ̀.

Ti ìta ò ní gbà wá lọ́rọ̀ púpọ̀. Wàá bá rédíò VHF ojú omi tó ń fetí sí channel 16, ìyẹn 156.8 MHz, àti channel 70 tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú DSC (ìpè tí ẹ̀rọ ń fi àmì ránṣẹ́ dípò ohùn), wàá rí EPIRB, ẹ̀rọ kékeré tó ń kígbe ìrànlọ́wọ́, tó ń fi 406 MHz bá satẹ́láìtì Cospas-Sarsat sọ̀rọ̀, wàá rí SART, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà han olùgbàlà, tí réda ọkọ̀ ń rí, àti wọ́kí-tọ́kì tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ àsálà. Rédíò tí wọ́n fi ń bá hẹlikópítà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn, VHF AM ni. Má gbé EPIRB tàn pé o ń dán an wò, bọ́tìnnì ìdánwò wà lára ẹ̀, òun ni kó o lò, kí wọ́n má baà rán àwọn olùgbàlà síta lásán.

Lẹ́yìn tí o bá tò ó tán, IEC 60079-17 ni ìwé àyẹ̀wò. Ohun tí wọ́n ń gbé kiri gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù 12, èyí tí wọ́n bá ń ṣí ilé bátìrì ẹ̀ lemọ́lemọ́, àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ lóṣù 6. Ti ohun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ọdún 3 lọ láì jẹ́ pé amòye dá sí i. Tó bá bàjẹ́, IEC 60079-19 ló sọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi solder ṣe lórí tábìlì.

Fóònù ẹ ńkọ́? Bátìrì ẹ̀, ooru ẹ̀ àti rédíò inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ti dán ìkankan wò fún gáàsì. Àwọn fóònù tó ní Ex wà, àmọ́ kà wọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti sóònù 2 nìkan, tó o bá gbé e kọjá sí sóònù 1, kò yàtọ̀ sí fóònù lásán. Tìẹ á wà níbi gbígbé, tí wọ́n bá gbà kó débẹ̀ rárá. Kámẹ́rà tó o fẹ́ fi ya iṣẹ́ ẹ náà wà nínú òfin yẹn, ya àwòrán tó bá pọn dandan pẹ̀lú ìwé àṣẹ.

Kó o tó lọ, sọ fún wọn kí wọ́n sanwó CompEx fún ẹ, ẹ̀kọ́ yẹn ló ń fi hàn pé ọwọ́ ẹ mọ ẹ̀rọ Ex, BOSIET náà wà fún bó o ṣe máa yè tí hẹlikópítà bá já sómi. Béèrè àwòrán sóònù, béèrè sáfíkéètì ohun kọ̀ọ̀kan tó o máa tò, béèrè bóyá A àti B ní ọ̀nà tiwọn lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Tó o bá ti rí lísìtì ẹ̀rọ yẹn gbà, kọ àwọn àmì tó wà lára wọn ránṣẹ́ sí mi, títí kan X tó bá wà ní ìparí, a jọ máa kà á kó o tó wọ hẹlikópítà.